Ìjàpá Kọ́lé Oníhò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dojú rẹ̀ délẹ̀. Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò dá lórí ẹnì kankan tí ẹ mọ̀. Ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, òun ló yọjú, èmi ò pè é.

Ní ọjọ́ kan, gbèsè ká Ìjàpá mọ́lé. Ó jẹ Adìyẹ lówó ẹ̀kọ. Ó jẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ lówó ẹmu. Ó jẹ àna rẹ̀ ní gbèsè tí a kì í dárúkọ lójú ọmọdé. Kò lè gba iwájú ilé jáde mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló ń yọ́ gbà. Ibi tó ti ń yọ́ lọ ló ti gbọ́ ariwo lójúde Ajá. Ajá àti ìyàwó rẹ̀ ló ń jà. Ọ̀rọ̀ egungun kan ni. Egungun ọ̀hún ò tiẹ̀ lẹ́ran lára.

Ìjàpá dúró. Kì í ṣe ìjà ló ń wò. Àwọn tó ń wo ìjà ló ń wò. Ewúrẹ́ ti gbàgbé ọmọ sẹ́yìn àgbàlá. Pẹ́pẹ́yẹ gbé omi rù, omi ń ro sí i lára, kò mọ̀. Àgbò tó ti ń sọ láti àná pé ibà dá òun wólẹ̀, òun ló na ọrùn jù. Ajá dákẹ́. Ìyàwó Ajá dákẹ́. Ilé pa rọ́rọ́. Kò sí ẹni tó lọ. Wọ́n ń retí kó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìjàpá sáré padà wọlé.

"Yánníbo, gbèsè wa ti tán."

"Ta ló bá wa san án, olówó orí mi?"

"Kò sẹ́ni tó tíì san án. Ojú ló máa san án."

Ìjàpá bá kọ́lé. Ó fi amọ̀ mọ ọ́n, ó rẹ́ ẹ, ó fi ẹfun kùn ún lókè, ó fi osùn kùn ún nísàlẹ̀. Ó tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ síbẹ̀. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Nígbà tí ògiri gbẹ tán, ó mú irin gbígbóná, ó dá ihò sí i lára. Ihò 40. Ihò wà níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ihò wà níbi tí wọ́n ti ń sùn, ihò wà níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ pàápàá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ò yọjú o. Wọ́n sọ fún mi ni.

Ó lu agogo yí gbogbo igbó ká. Ó ní ẹranko 20 ni yóò wọlé, wọn ò sì ní jáde fún 70 ọjọ́. Kò síṣẹ́, kò sóko, kò sí ìròyìn ilé. Kí wọ́n ṣáà máa jẹ, kí wọ́n máa sùn, kí wọ́n máa bá ara wọn gbé. Àwọn ará ìta yóò máa yọjú láti ihò. Ẹni tí ọkàn ará ìta bá fẹ́, kí wọ́n ju ẹ̀kùrọ́ sí ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ 30 ni ìbò kan. Bó o bá fẹ́ ju ọgọ́rùn-ún ìbò, kò sẹ́ni tó máa di ọwọ́ rẹ mú. Lálẹ́ Sọ́ńdè, ẹni tí ìkòkò rẹ̀ bá fúyẹ́ jù, kó di ẹrù rẹ̀. Ẹni tó bá kù gbẹ̀yìn ló ni agbọ̀n iṣu.

"Ṣé ìwọ lo nilé náà ni?" Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bi í bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá gbọ́wọ́ lé àyà. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mo jẹ ọ́ lówó ẹmu? Ìránṣẹ́ lásán ni mí. Ẹ̀gbọ́n ló nilé."

Ẹ̀gbọ́n ta ni? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ìyá wo ló bí wọn pọ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n kàn ń gbọ́ ohùn tó ń ti inú ògiri jáde, tó nípọn bí àrá ìbẹ̀rẹ̀ òjò: "Ẹ̀yin ará ilé." Àwọn tó wà nínú ilé á dìde fùú, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́fà nílé kó tó jẹ́ o!

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìjàpá á jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìlù kékeré lábíyá, á máa dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló wà nílé o?
*Yọjú wò ó!*
Ta ló jẹran mọ́jú?
*Yọjú wò ó!*
Ta ló ń wẹ̀ lọ́wọ́?
*Yọjú wò ó!*
Ọgbọ̀n ẹ̀kùrọ́ ni,
*Yọjú wò ó!*
Jù ú síkòkò,
*Yọjú wò ó!*
Ẹ̀gbọ́n ló wí bẹ́ẹ̀,
*Yọjú, yọjú, yọjú wò ó!*

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ọdún méjì àkọ́kọ́, inú igbó wa kọ́ nilé yìí wà. Igbó ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, ọ̀nà tó jìn. Ẹranko tiwa ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, ojú tiwa ló ń wò wọ́n, ẹ̀kùrọ́ tiwa ni wọ́n ń jù. Àwọn àgbà béèrè pé ṣé kò sí amọ̀ nílé ni. Ọdún kẹta ni wọ́n tó gbé e wálé.

Ọdún kìíní, agbọ̀n iṣu 25. Ọdún kejì, 45. Ọdún kẹta, 60. Nígbà tí wọ́n ṣí 60 yẹn wò, 30 ló jẹ́ iṣu. Ìyókù jẹ́ àga, jẹ́ ìkòkò ìgbàlódé, jẹ́ ìrìn-àjò ìgbádùn lọ sí ilẹ̀ oníyanrìn tí ràkúnmí ń gbé. Ọdún kẹrin, àjàkálẹ̀ àìsàn dé, Kìnnìún ní kí oníkálukú ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ọdún yẹn gan-an ni ojú pọ̀ nídìí ihò jù. Àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ń jí jáde lọ wo àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ àtìmọ́lé. Agbọ̀n di 85.

Ní alẹ́ Sọ́ńdè kan péré, Yánníbo da ẹ̀kùrọ́ tó wà nínú ìkòkò sílẹ̀, ó kún àká mẹ́ta. Ó fọwọ́ lérí. "Gbogbo èyí ńkọ́, olówó orí mi? Agbọ̀n iṣu tí a máa fún wọn ò tó ìdá kan nínú rẹ̀."

Ìjàpá ní, "Ṣé mo ní kí o ṣírò?"

Èmi ò ní purọ́ mọ́ ilé yẹn o. Ọ̀kín wọlé, ó jáde, ó ra oko, ó ń ta ìyẹ́ fún àwọn ọlọ́ṣọ̀ọ́, ó sì bá àwọn àbúrò rẹ̀ sanwó iṣẹ́. Adìyẹ ta ẹ̀kọ nídìí ògiri yẹn títí tó fi kọ́ ilé alájà. Ẹni tó bá ní ilé náà ò ṣe ẹnikẹ́ni lóore, onítọ̀hún ń bínú ni. Ṣùgbọ́n ẹni 20 ló ń wọlé. Àwọn tó ń yọjú, wọn ò níye.

Àwọn tó ń yọjú yìí lọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n pín sí ìdílé. Kì í ṣe ìdílé tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn kan ní àwọn ni Ìdílé Ọ̀kín, àwọn kan ní àwọn ni Ìdílé Ọ̀bọ. Ọ̀kín ò mọ̀ wọ́n, Ọ̀bọ ò mọ̀ wọ́n. Ọmọ Àgbò kan ọmọ Ewúrẹ́ níwo lójú torí ó ní Ọ̀kín ò mọ ijó jó. Àwọn tí kò tíì ra gèlè kan fún ìyá tó bí wọn rí, wọ́n dá ẹ̀kùrọ́ jọ, wọ́n ra ẹṣin fún Ọ̀kín lọ́jọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n ta òdòdó sí ẹṣin náà lọ́rùn. Wọ́n sunkún nígbà tí Ọ̀kín gùn ún. Òkété gbẹ́ ihò tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó ń ta tẹ́tẹ́ níbẹ̀: sọ ẹni tó máa jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí o gbé ẹ̀kùrọ́ lọ sílé. Wọ́n ń sọ, wọ́n ń sọ, Òkété ló ń gbé ẹ̀kùrọ́ lọ sílé. Òkété, báyìí nìwà rẹ.

Erin wá pe ìpàdé. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé yìí ti kan òun lágbárí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò roko mọ́, ọmọ kì í jí lówùúrọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Ìkookò fẹnu sọ ọ́. "Ìwà ìbàjẹ́ gbáà ni! Irú ohun tí Ọ̀bọ àti Ìgalà ṣe lábẹ́ aṣọ ìbora ní alẹ́ Sátidé!"

Ẹfọ̀n ní, "Alẹ́ Fúráìdé ni."

"Sátidé ni. Ní Fúráìdé, Ìgalà ṣì ń bínú, kò bá Ọ̀bọ sọ̀rọ̀ rárá. Ìgbà tí wọ́n jó tán ni wọ́n tó parí ìjà."

Àgbọ̀nrín mi orí. "Ẹ̀yin méjèèjì ò rí i dáadáa. Ihò tí ẹ wà ò kọjú sí ibùsùn. Láti ihò kẹtàdínlógún ni..." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. (Àgbọ̀nrín ló ṣì í. Ihò kọkàndínlógún ló kọjú sí ibùsùn. Wọ́n sọ fún mi ni.)

Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n ránṣẹ́ sí ààfin. Kìnnìún ní òun á wádìí. Ó ń wádìí títí di òní. Ìṣákọ́lẹ̀ ilé náà ń wọ ààfin lóṣooṣù, bóyá ìyẹn náà wà lára ìwádìí. Ibi tí wọ́n ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ìlù Ìjàpá dún lọ́ọ̀ọ́kán, torí alẹ́ Sọ́ńdè ni, ẹnì kan máa di ẹrù. Erin ní kí wọ́n sún ìpàdé síwájú, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yìí ló fi kọ́kọ́ dé ìdí ògiri.

Ní ọdún karùn-ún tí agbọ̀n di 90, ọmọ Ehoro kan wà, Etíyẹmí lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà ló ti ń kọ́ṣẹ́ ẹní híhun. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó lè hun ẹyẹlé méjì tó kọjú síra sí àárín ẹní, kí ìwọ tó jókòó lé e máa rò pé wọ́n fẹ́ fò. Ó ku oṣù 3 péré kó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ ti ń kó ẹ̀kùrọ́ jọ láti fi ṣe àdín, kó lè rí owó se ọbẹ̀ ọjọ́ náà.

Etíyẹmí gbọ́ agogo. Ó ní, "Ìyá mi, mo fẹ́ lọ tò."

Ìlà ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ, ó gba etí odò, ó yí òkè po, ó tún padà dé ìdí ọ̀pẹ. Etíyẹmí dé nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ó gbé ẹní tó hun dání. Oòrùn là, oòrùn kàn wọ́n lórí. Àwọn kan dákú, wọ́n bu omi sí wọn lójú, wọ́n tún tò. Ọ̀tá tó ń bá ọmọ inú igbó jà lọ́dún náà pọ̀: àìríṣẹ́, àìrówó, àìmọ ibi tí ọ̀la wà. Bí wọ́n bá ń tò, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló kan Etíyẹmí. Ìjàpá jókòó lórí àpótí, ó ń fi ọparun ta eyín.

"Kí lo lè ṣe?"

"Mo lè hun ẹní, bàbá." Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Ìjàpá ò wò ó. "Ṣé o lè sunkún?"

"Bí nǹkan bá dùn mí, bàbá."

"Bí nǹkan ò bá dùn ọ́ ńkọ́?"

Etíyẹmí dákẹ́.

"Ta lo kórìíra?"

"N kò kórìíra ẹnikẹ́ni, bàbá."

"Máa lọ sílé. Ẹlòmíràn!"

Ológìnní ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Elétí bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ta ló fẹ́ wo eléyìí?" Etíyẹmí ro ìrì òwúrọ̀, ó ro oòrùn, ó ro ìlà. Ó ká ẹní, ó yíjú padà, ó fi na Ológìnní lójú. Ẹní fà ya sí méjì. Ẹyẹlé kan bọ́ sápá ọ̀tún, ọ̀kan bọ́ sápá òsì.

Ìjàpá dìde. Ojú rẹ̀ tàn yanran. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọlé."

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé, oorun ò kun Etíyẹmí. Ó fa koríko yọ nínú ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, torí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bí a ti í jókòó lásán. Ojú kan kúrò nínú ihò. Ojú kejì kúrò. Kò pẹ́, ihò tó kọjú sí i di òfo, atẹ́gùn ló ń gba ibẹ̀ wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta, ohùn pè é wọ yàrá kékeré. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ yàrá yìí lẹ́ẹ̀kan. Àpótí kan ló wà níbẹ̀, àti ògiri. Ìwọ á jókòó, ìwọ á máa bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Etíyẹmí."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ojú ń kúrò lára rẹ." *Kẹ́, kẹ́.*

"Kí ni kí n ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé mo ní kí o ṣe nǹkan ni?" *Kẹ́, kẹ́.* "Mo kàn ní Ológìnní fẹnu ba ìyá rẹ lánàá, nígbà tí o sùn."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

Ohùn dákẹ́ díẹ̀. "Ọkàn rẹ ló ń dún."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ológìnní bu ẹran méjì nínú ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Etíyẹmí gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ológìnní fà á padà. Ọbẹ̀ dà. Èébú tí Etíyẹmí bú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ibi tó ti kọ́ ọ n kò mọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ Ẹ̀gà. Ológìnní fò mọ́ ọn, ó gé e jẹ létí òsì. Etí náà tẹ̀, kò nà mọ́. Ihò 40 kún fún ojú, ojú méjì-méjì ń jìjàkadì fún ihò kan. Ẹ̀kùrọ́ ń rọ̀ sí ìkòkò Etíyẹmí bí òjò àkọ́rọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ọmọ inú igbó ti tẹ etí òsì. Ní ọjọ́ kẹta, Ọ̀yà ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbi tó ti ń bá wọn tẹ etí, ẹ̀kùrọ́ 5 ni ẹyọ kan. Ọmọ Erin, etí rẹ̀ ò ṣeé tẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́rùn. Ọmọ Ejò ń sunkún nílé pé ìyá òun ò bí òun tetítetí.

Ìyá Etíyẹmí náà lọ yọjú. Ó wo inú ihò títí. Ó ní, "Ọmọ mi kọ́ nìyẹn." Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń kí i: "Ìyá gbajúmọ̀! Ìyá gbajúmọ̀, ẹ kú oríire o!" Ó tún gèlè wé. Ó lọ sílé, ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀kùrọ́ àdín, ó dà á sínú ìkòkò ọmọ rẹ̀. Títí dé ìdí apẹ̀rẹ̀.

Ta ló gétí jẹ o?
*Yọjú wò ó!*
Ta ló da ọbẹ̀ nù?
*Yọjú wò ó!*
Ìyá ta ló ń jó?
*Yọjú wò ó!*
Àdín ti dìbò o,
*Yọjú wò ó!*
Ẹ̀gbọ́n ló wí bẹ́ẹ̀,
*Yọjú, yọjú, yọjú wò ó!*

Ọjọ́ 35 ni Etíyẹmí lò kí ìkòkò rẹ̀ tó fúyẹ́. Ìjà rẹ̀ àti Ológìnní ti sú àwọn ará ìta, torí Ìgalà ti tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n gbé e lé èjìká, ìlù ń dún. Wọ́n ń fọwọ́ kan etí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n bi í pé, "Ìwọ ni ta ni ná?" Lọ́dún kẹfà, agbọ̀n pé 100, ìlà mìíràn tò, ọmọ igbó na etí padà, wọ́n ń gé ìrù.

Etíyẹmí padà sọ́dọ̀ Ẹ̀gà. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Mo ti dé."

Ẹ̀gà ò gbójú sókè nídìí iṣẹ́. Ó ju okùn kan sí i. "Ta ẹnu rẹ̀."

Etíyẹmí mú un. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ìka rẹ̀ dúró. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Okùn náà di kókó kan báyìí tí Ẹ̀gà fi ọ̀bẹ gé nù.

"Oṣù 3 ló kù nígbà náà," Ẹ̀gà ní. "Ó ti di ọdún 3."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lágbàlá, ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́ jẹ. *Kẹ́, kẹ́. Kẹ́, kẹ́.* Etí ọ̀tún Etíyẹmí nà. Èyí tó tẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ nà. Ó dìde láìdágbére.

Ó gba ẹ̀yìn ilé oníhò lọ, níbi tí àwọn ará ìta kì í dé. Ó fi eyín wa amọ̀ títí ògiri fi lu. Ihò kọkànlélógójì nìyẹn. Ó fojú sí i.

Ìjàpá ló rí. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí òkìtì ẹ̀kùrọ́, ó ń fi òkúta pa á jẹ, èérún ẹ̀kùrọ́ kún irùngbọ̀n rẹ̀. Akèrègbè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a dá nídìí lu. Ó gbé e sẹ́nu, ó kọjú sí ògiri: "Ewúrẹ́, Ọ̀bọ sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa." Ó gbé e sílẹ̀. *Kẹ́, kẹ́.* Ó tún gbé e: "Ọ̀bọ, Ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ láìdáa."

Yánníbo wọlé. "Adìyẹ tún wá o. Ó ní owó ẹ̀kọ òun láti ọdún kìíní."

"Sọ fún un pé ìránṣẹ́ lásán ni mí."

"Àwọn ọmọ wa ránṣẹ́ wá pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wá wo ilé yìí lásìkò ìsinmi."

Ìjàpá dìde jókòó. "Ó tì o! Kí wọ́n dúró sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn ní igbó kejì, kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ wọn. Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ tó bí wá máa yọjú wo irú eléyìí?"

Etíyẹmí lọ pe ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ pe Adìyẹ. Adìyẹ pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, kò sí ojú kan ṣoṣo nínú ihò 40 mọ́, ìdí ihò kọkànlélógójì ni gbogbo igbó wà. Nínú ilé, Ọ̀bọ bú Ewúrẹ́. Ó wòkè, kò rí ojú. Ó wo ẹ̀gbẹ́, kò rí ojú. Ó bá ní, "Má bínú," ó lọ sùn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti sùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Adìyẹ ló kọ́kọ́ ké. "Èmi tó jẹ lówó ẹ̀kọ!" Wọ́n já ilẹ̀kùn. Yánníbo gba ojú fèrèsé. Ọ̀bọ àti àwọn yòókù sáré jáde sínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀. Nígbà tí Ìjàpá fẹ́ tẹ̀ lé wọn, Erin ti fi ìdí dí ẹnu ọ̀nà. Etíyẹmí gbé akèrègbè nílẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

"Ìjàpá."

Kó tó mọ̀, ó ti jẹ́ ẹ. "Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ nìkan ló kù nílé. Ọjọ́ 70."

Wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà pa. Ìjàpá fa orí wọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ò ní ṣe nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni máa wò. Ọjọ́ kìíní, kò yọrí. Ọjọ́ kejì, kò yọrí. Àgbò bínú, ó ní ṣé nítorí èyí ni òun ṣe fi oko sílẹ̀ wá. Ó ju ẹ̀kùrọ́ kan gba inú ihò. *Kẹ́!* Ó ba Ìjàpá lẹ́yìn. Ìjàpá ní, "Yéè!" Gbogbo wọn hó. Ìkookò ju tirẹ̀. Ọmọ Erin ju tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti rí págunpàgun títí dòní.

Ta ló kù nílé o?
*Yọjú wò ó!*
Ta ló ń ké yéè yéè?
*Yọjú wò ó!*
Sọ ọ́ lẹ́yìn gbì,
*Yọjú wò ó!*
Ọgbọ̀n ẹ̀kùrọ́ ni,
*Yọjú wò ó!*

Ẹ gbọ́ ìlà yẹn? Ọgbọ̀n ẹ̀kùrọ́. Yánníbo ti padà dé. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé agbọ̀n, ó jókòó sí ìdí ihò kọkànlélógójì. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ju ẹyọ kan, kó san 30. Wọ́n ń san án. Adìyẹ san án, Adìyẹ tí wọn ò tíì san owó ẹ̀kọ rẹ̀. Erin san ti ihò méjì nítorí ojú rẹ̀ jìnnà síra. Ẹ̀gà fi okùn sílẹ̀ lórí àpótí de Etíyẹmí lọ́jọ́ náà, ó dè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Akèrègbè ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ní òun fẹ́ pe Ìjàpá lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà òun á dá a padà.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Mo ní èmi ò yọjú wo ilé yẹn rí, wọ́n sọ fún mi ni. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Pó.

Pó.

Ẹ dúró ná. Ẹ fún mi lómi. Ètè mi ló gbẹ.